Èwo Ni Ayédèrú Níbẹ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan fi òrùka sọ́wọ́ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Kó tó dọjọ́ kejì, gbogbo gúrúùpù WhatsApp wa ti gbọ́ pé láàbù ni wọ́n ti ṣe dáyámọ́ǹdì orí òrùka náà. Ariwo ta. "Ayédèrú!" "Fèrú ni jàre!" "O ò ṣe kúkú ra gíláàsì?" Mo dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn torí kì í ṣe òrùka mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo sì fẹ́ bá gbogbo wa jà díẹ̀.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí ni dáyámọ́ǹdì? Kábọ́nù ni, tí àwọn átọ̀mù rẹ̀ so mọ́ra létòlétò. Ti láàbù náà, kábọ́nù kan náà ni, ètò kan náà. Wọ́n á tú gáàsì methane àti hydrogen sínú àpótí kan, wọ́n á mú un gbóná janjan, kábọ́nù á sì máa bà sórí pèpéle kékeré kan, ìpele lórí ìpele, títí á fi di òkúta. Yìnyín inú fíríìjì àti èyí tó já láti ojú sánmà, èwo ni ayédèrú níbẹ̀? Ọmọ tí dókítà fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde ńkọ́, ṣé ayédèrú ọmọ ni?

Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí òkúta yìí ti ń ṣiṣẹ́. Ní CERN, ní ààlà Switzerland àti Faransé, wọ́n gbẹ́ ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan tó gùn tó kìlómítà 27. Inú rẹ̀ ni pọ́tọ́ọ̀nù ti ń sáré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Bí wọ́n bá yà kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n lè ba ẹ̀rọ olówó gọbọi jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ta ni wọ́n fi ṣọ́nà? Nínú ẹ̀rọ ràgàjì tó ń jẹ́ ATLAS, pẹlẹbẹ dáyámọ́ǹdì láàbù ni. Ẹgbẹ́ onímọ̀ tó ń jẹ́ RD42 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí irú sẹ́ńsọ̀ yìí ní 1994.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Wọ́n á lẹ irin tín-ín-rín mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á fi iná mọ̀nàmọ́ná sí i. Dáyámọ́ǹdì kì í jẹ́ kí iná kọjá, torí náà kẹ́kẹ́ á pa. Bí pátíkù bá ti la inú rẹ̀ kọjá, á já àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbà, wọ́n á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kọ̀ǹpútà á sì rí i.

Mi ò ní purọ́: sílíkọ́nì ló pọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí. Ó dínwó, àmì tó ń fúnni sì lágbára jù. Ṣùgbọ́n níbi tí ìtànṣán bá ti ń rọ̀ bí òjò, sílíkọ́nì tètè ń bàjẹ́. Dáyámọ́ǹdì ń fara dà á jù ú lọ.

Ẹ̀yin olùfẹ́ ojúlówó, ẹ gbọ́ eléyìí. Wọ́n ti fi dáyámọ́ǹdì inú ilẹ̀ ṣe sẹ́ńsọ̀ rí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé òkúta méjì kì í jọra: náítírójìn pọ̀ nínú ọ̀kan, ó kéré nínú èkejì. Wọ́n á ṣa ọ̀pọ̀ kí wọ́n tó rí ẹyọ kan tó dáa. Láàbù ló jẹ́ kí wọ́n lè ṣe èyí tó mọ́, kí wọ́n tún ṣe òmíràn tó jọ ọ́ lọ́la. Nídìí iṣẹ́ yìí, "fèrú" yẹn gan-an ló ṣeé gbára lé.

Bí CERN bá jìnnà sí yín, jẹjẹrẹ kò jìnnà. Kí wọ́n tó kọjú ẹ̀rọ ìtànṣán sí kókó lára èèyàn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọn ìtànṣán náà. Dáyámọ́ǹdì wà lára ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, torí bí kábọ́nù ṣe ń gba ìtànṣán kò jìnnà sí bí ẹran ara wa ṣe ń gbà á. Kóòdù ni mò ń kọ jẹun, mo sì mọ̀ pé bí òǹkà bá ti ṣì láti orísun, sọ́fítíwíà tó dáa jù á kàn máa fi ìgboyà purọ́ ni. Ara aláìsàn ni irọ́ yẹn á ti hàn.

Mo gbà pé ẹni tó bá ta ti láàbù fún yín ní orúkọ ti inú ilẹ̀, olè ni. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ni irọ́ wà, kò sí nínú òkúta. Torí náà, ẹ pè é ní dáyámọ́ǹdì láàbù, kó parí síbẹ̀. Bí ẹ bá sì ti béèrè ibi tí nǹkan ti wá, ẹ tún béèrè ohun tó lè ṣe.

Ọ̀rẹ́ mi, òrùka rẹ dáa.