Ilé Kúrunmí ti Ìjàyè

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọjá ní Àgọ́-Ìjàyè ní Abẹ́òkúta, ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí ó gbé àwọn ará Ìjàyè dé àárín wa?

Ẹ̀gbá Gbágùrá ni ó kọ́kọ́ ni Ìjàyè. Nígbà tí ogun ń da ilẹ̀ Ọ̀yọ́ rú, Kúrunmí àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá jókòó síbẹ̀. Akọni ni. Aláàfin Àtìbà fi í jẹ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ilé rẹ̀ sì lókìkí.

Àtìbà wàjà ní 1859. Àṣà ni pé kí Àrẹ̀mọ bá baba rẹ̀ kú, ṣùgbọ́n Àtìbà ti ní kí Adélù ọmọ òun jọba. Kúrunmí kọ̀, kò gba ìpẹ̀. Ní tèmi, ẹjọ́ rẹ̀ tọ́. Agídí rẹ̀ ni ó pọ̀ jù.

Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Adélù, ogun dé ní 1860. Àwa Ẹ̀gbá lọ gbèjà Ìjàyè. Ìbàdàn dí ọ̀nà Òkè-Ògùn tí oúnjẹ ń gbà wọlé, ebi sì wọ ìlú. Márùn-ún nínú àwọn ọmọ Kúrunmí ni ogun náà pa. Ẹ̀yin òbí, ẹ rò ó wò! Òun náà kú ní oṣù kẹfà 1861. Ní oṣù kẹta 1862, Ìjàyè tú.

Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ wọn sá wá. Ẹ̀gbá, tí Kúrunmí jókòó lórí ilẹ̀ wọn, ni ó fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ibi tí wọn ó kọ́lé sí.