Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì tí Baba Fi Sílẹ̀

Ọ̀rẹ́ wa kan tí ilé rẹ̀ wà ní Lẹ́kkí Phase 1 ránṣẹ́ pè wá láìpẹ́ yìí kí a wá wo ohun tí òun bá nínú àpótí baba òun tí ó ti di olóògbé. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni, irú èyí tí a ń ṣẹ́ ní àárín kí a tó ki ọta sí i ní ìdí. A kò tíì jókòó tán tí ó fi sọ èrò ọkàn rẹ̀ fún wa: òun yóò fi bébà oníyanrìn ha á títí yóò fi máa dán, alágbẹ̀dẹ yóò jó ibi tí ó sán, òun yóò sì yìn ín lẹ́ẹ̀mejì ní ọjọ́ ìrántí baba náà, nítorí àgbà ọdẹ ni.

Ó yà á lẹ́nu pé a kò gbà fún un. Ó rò pé àwa tí a ń pariwo àṣà ni yóò kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n èrò wa ni pé ẹni tí ó bá fẹ́ bu ọlá fún irú ìbọn bẹ́ẹ̀, kí ó nù ún, kí ó tọ́jú rẹ̀, kí ó má ṣe yìn ín.

Ti òfin ni ó ṣáájú. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ṣì wà ní Nàìjíríà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní irú ìbọn yìí láìní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, ìwé àṣẹ baba kì í sì í ṣe ti ọmọ. Òfin yìí kan náà kò fi àyè sílẹ̀ kí a máa tún un ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Ilé ìṣúra ìbọn ti ìjọba ni ibi àtúnṣe rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ wa mọ ṣakabùlà dáradára, a kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe ṣakabùlà. A ní kí ọ̀rẹ́ wa mú agbẹjọ́rò rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, láìgbé ìbọn náà dání, kí ó bèèrè bí yóò ti gbé e wá.

Ìbọn tí gbogbo ilé gbà pé ó ṣófo ni kí a bẹ̀rù jù. Kí a tó fi aṣọ kàn án, kí a ṣẹ́ ẹ, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí a wo ihò kìíní, kí a sì wo èkejì. Bí ọta àtijọ́ bá há síbẹ̀, kí a má fi ọ̀pá tì í, kí a má gbá a. Kí a fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sà wà ní àríwá Lẹ́kkí, òkun wà ní gúúsù rẹ̀, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí irin sinmi. Nítorí náà ni a fi ń fẹ́ òróró díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì onídẹ, aṣọ rírọ̀ àti sùúrù. Bébà oníyanrìn a máa jẹ ara irin, a sì máa pa àmì tí ó wà lábẹ́ ọ̀pá rẹ̀ rẹ́. Àmì wọ̀nyí ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ní ilé ìdánwò ìbọn ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Birmingham, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1813, wọ́n a máa fi ẹ̀tù tí ó le ju ti ojoojúmọ́ dán ìbọn wò kí wọ́n tó lu àmì sí i. Ẹni tí ó ha á kúrò ti ya ìwé ìtàn baba rẹ̀.

Àmì náà ni yóò sọ fún wa irú ẹ̀tù tí a ṣe é fún. Ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́ ni a fi ọ̀já irin wé, tí a fi òòlù lù pọ̀ nínú iná, tí ìṣọnà ara rẹ̀ fi dàbí ìgbì omi. Ẹ̀tù dúdú ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀tù òde òní lè fa irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ ya mọ́ ẹni tí ó dì í mú lọ́wọ́. Ihò ọta ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gùn ju íǹṣì méjì àbọ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọta tí a ń tà nísinsìnyí sábà máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yóò wọlé, ìbọn yóò sì pa dé; ṣùgbọ́n bí a bá yìn ín, ẹnu ọta náà kò ní rí àyè là, agbára iná a sì pọ̀ sí i nínú ihò. Idà kì í mọ orí alágbẹ̀dẹ.

Ìjòyè kan lè wí pé ìró ìbọn jẹ́ àṣà wa. A kò jiyàn. Ogun Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, láti 1877 sí 1893, ìró ìbọn ni ó sọ ọ́ ní Kírìjì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ìbọn lójoojúmọ́ mọ ìwà rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa kò yin ìbọn rí.

Ó gbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ kò dùn. Ní ọjọ́ ìrántí náà, àwọn ọdẹ wá láti ìlú baba rẹ̀, wọ́n sun ìjálá títí ilẹ̀ fi mọ́, ọmọ náà sì ka orúkọ baba rẹ̀ láàrin wọn. Ìbọn náà wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ó ń dúró de ìwé rẹ̀.