Ta Ni Ó Sọ Pé Rédíò Kò Gba Àmì Ohùn?



Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kan mú ìwé ìlànà kan wá fi hàn mí. Àwọn tí wọ́n ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà, àwọn tí ayé ń pè ní ham, ni wọ́n kọ ọ́ fún àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn. Ó kọ́ni bí a ṣe ń tẹ àṣẹ sínú kọ̀ǹpútà kí rédíò lè gbé ọ̀rọ̀ lọ ní ìdì kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n ń pè ní packet. Iṣẹ́ gidi ni. Bí omíyalé bá dé, tí òpó fóònù wó, tí iná lọ, rédíò kékeré kan àti bátìrì ọkọ̀ ṣì lè gbé ìkìlọ̀ láti ìlú kan dé òmíràn. Ṣùgbọ́n ìlà kan nínú ìwé náà bí mi nínú: pé bí a bá ń kọ Yorùbá, kí a yọ gbogbo àmì kúrò, nítorí pé ẹ̀rọ kò gbà á, ó sì ń fi àkókò ṣòfò.

Irọ́ ni ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì kò tó nǹkan.

AX.25 ni orúkọ òfin tí àwọn ìdì wọ̀nyí ń tẹ̀ lé. Ọdún 1984 ni wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà 2.0 rẹ̀. Ní orí ìdì ni àmì ìdánimọ̀ olùfiránṣẹ́ àti ti olùgbà wà. Lẹ́tà ńlá èdè Gẹ̀ẹ́sì àti nọ́ńbà nìkan ni ó wọ ibẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí ni àyè ọ̀rọ̀ gan-an, tí ó lè tó báìtì 256, òfin náà kò sì bìkítà nípa ohun tí ó wà níbẹ̀. Alábàárù kì í tú ẹrù oníbàárà wò. UTF-8, tí a fi ń kọ àmì wa sínú kọ̀ǹpútà, kò dé títí di 1992, síbẹ̀ ó wọ inú ìdì náà wẹ́kú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: Odò Ògùn ti kún. Ẹ má kọjá. Ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò bí ìwé náà ṣe wí, ó di: Odo Ogun ti kun. E ma koja. Kí ni ẹni tí ó gbà á yóò kà? Ó lè kà á sí ẹ má kọjá. Ó sì lè kà á sí ẹ máa kọjá. Èkíní ní kí ó dúró, èkejì ní kí ó máa bọ̀ wá bá omi. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé a méjì ni ó yẹ kí ó wà nínú máa. Òótọ́ ni, èmi náà ń kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi jíju àmì nù kọ́ra, kì í pẹ́ tí yóò fi ju a kejì nù pẹ̀lú. Ẹ wo bí a ṣe ń kọ̀wé lórí fóònù.

Èló wá ni àmì náà ń ná wa? Gbólóhùn tí kò ní àmì jẹ́ báìtì 27, èyí tí ó ní àmì jẹ́ 37. Báìtì méjì ni á, mẹ́ta ni ọ. Ẹ́, tí ó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, jẹ́ márùn-ún. Ìyára tí ó wọ́pọ̀ lórí àwọn rédíò wọ̀nyí ni bíìtì 1,200 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tí í ṣe báìtì 150. Báìtì 10 nínú 150! Nítorí ìdá kan nínú ìdá 15 ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n ṣe fẹ́ ba èdè jẹ́. Direwolf, ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, a máa dúró fún ìdá 3 nínú ìdá 10 ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó fi ìdì kankan ránṣẹ́, àfi bí a bá yí i padà. N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìyẹn ní ìfàkókòṣòfò.

Ohun tí ó tilẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ohùn ni ẹ̀rọ náà fi ń sọ̀rọ̀. Ohùn méjì ni, ọ̀kan ní 1,200 Hz, èkejì ní 2,200 Hz. Bí ohùn bá yí padà, òdo ni. Bí kò bá yí padà, ení ni. Kí wọ́n lọ bi onídùndún léèrè bóyá ohùn ṣeé jù nù.

Mo gbà pé àwọn rédíò àtijọ́ kan wà tí ojú wọn yóò fi pàǹtírí hàn níbi tí ẹ àti ọ yẹ kí ó wà. Àìlera ẹ̀rọ tí ń gbà á nìyẹn. Bí a bá mọ̀ pé irú rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì wa, kí a yan ọ̀rọ̀ tí kò ní ṣì í lọ́nà: E duro sile yóò yé e. Ọgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ èdè nìyẹn, kì í ṣe òfin tí a ń fi lé gbogbo ènìyàn lórí.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò ìwé àṣẹ tàbí rédíò láti dán ọ̀rọ̀ mi wò. Direwolf ní irinṣẹ́ méjì: gen_packets ń sọ ọ̀rọ̀ di ohùn sínú fáìlì, atest ń tẹ́tí sí fáìlì náà, ó sì ń tú u padà. Ẹ tẹ ìlà méjì yìí:

echo -n "N0CALL>TEST:Odò Ògùn ti kún. Ẹ má kọjá." | gen_packets -o odo.wav -
atest odo.wav

N0CALL jẹ́ orúkọ ìdíbọ́n. Ẹni tí yóò fi í sórí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ àti àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, èyí tí ti Nàìjíríà máa ń fi 5N bẹ̀rẹ̀. Mo ti ṣe é lórí kọ̀ǹpútà mi. Gbogbo àmì ni ó padà wá bí mo ṣe kọ wọ́n. Mo ti fi àbájáde rẹ̀ rán akẹ́kọ̀ọ́ náà sí àwọn tí wọ́n kọ ìwé ìlànà yẹn, mo sì ń retí ìtẹ̀jáde rẹ̀ kejì.