Máòsì, Atọ́ka àti Alárinà

Ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn, nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà báni tẹ ìwé, 'máòsì' ni orúkọ ohun-èlò tí ọwọ́ ń tì lórí tábìlì. 'Máòsì' kan náà ni a sì ń gbọ́ fún ọfà kékeré tí ń rìn lójú ẹ̀rọ. Orúkọ kan ru ẹrù méjì. Bí ọfà náà bá dúró gbagidi, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè fi èdè rẹ̀ sọ èyí tí ó bàjẹ́ nínú méjèèjì.

Ẹnìkan lè fẹ́ kí a túmọ̀ orúkọ náà sí 'eku'. Lóòótọ́, okùn tí ó jọ ìrù wà lára èyí tí Douglas Engelbart àti Bill English kọ́kọ́ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1964. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ máòsì òde òní kò ní ìrù mọ́. Orúkọ tí a gbé ka ìrísí a máa tètè gbó. Èyí tí a gbé ka iṣẹ́ ni ó ń pẹ́.

Àwọn kọ̀ǹpútà ìlò-ilé àtijọ́ fi ìyàtọ̀ náà hàn kedere. Commodore 64 jáde ní 1982 láìní ọfà kankan lójú rẹ̀. Ní 1986 ni máòsì 1351 dé fún un. Bí ènìyàn bá tì í títí, ọfà kò ní yọ, àfi bí ètò bí GEOS bá yà á sójú ẹ̀rọ. Nítorí náà, ó tọ́ kí a fi 'máòsì', tí ará ìlú ti gbà, sílẹ̀ fún ohun-èlò ọwọ́, kí a sì pe ọfà ní 'atọ́ka'.

Ohun kẹta ṣì kù. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà MS-DOS, a sábà máa ń kọ́kọ́ gbé ètò kékeré kan, bí MOUSE.COM, sínú ẹ̀rọ kí àwọn ètò yòókù tó lè gbọ́ ohun tí máòsì ń wí. Gẹ̀ẹ́sì ya orúkọ dírẹ́bà fún irú ètò bẹ́ẹ̀. Bí a bá pè é ní 'awakọ̀', a ó ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí ọwọ́ ènìyàn ni ó ń wakọ̀. 'Alárinà' ni ó bá a mu, nítorí pé ó ń mú ọ̀rọ̀ ohun-èlò dé ọ̀dọ̀ ètò. Àwọn àgbà ní bí ojú bá mọ ojú tán, alárinà a yẹ̀ba. Ti kọ̀ǹpútà kì í yẹ̀ba. Èyí kò ba orúkọ náà jẹ́, nítorí iṣẹ́ ni èdè-ìperí ń sọ, kì í ṣe gbogbo àṣà.

Ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 pèsè fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ àti olùtúmọ̀ ṣe bákan náà fún kọ̀ǹpútà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí atọ́ka rẹ̀ dúró lè béèrè ìbéèrè tí ó tọ́ ní èdè Yorùbá: ṣé máòsì ni, àbí alárinà?