Kérékou Ti Lọ: Ayọ̀ Dé, Ọkàn Kò Tíì Balẹ̀

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 1991, àwọn oníṣòwò tí ó ń ti Kútọnu bọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ aṣọ tàbí owó sẹ́fà mọ́. Ọ̀rọ̀ ìbò ni wọ́n ń sọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, ọdún 1991, àwọn ará orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Dàhòmì, fi ìbò yọ Ọ̀gágun Mathieu Kérékou, ẹni tí ó fi ìbọn gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 1972. Nínú ìbò ọgọ́rùn-ún, Ọ̀gbẹ́ni Nicéphore Soglo ní nǹkan bí 68, Kérékou ní nǹkan bí 32. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, wọ́n búra fún Soglo níwájú Ọlọ́run àti níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá wọn, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ náà ti là á sílẹ̀. Kérékou kò kó ọmọ ogun jáde. Ó gba ohun tí àwọn olùdìbò wí.

Inú àwọn ọmọ Yorùbá dùn sí i, ó sì yẹ kí ó dùn. Ará Kétu, ará Ṣàbẹ, ará Sakété, ìbátan ni wọ́n. Ààlà tí òyìnbó fà kò ya èdè wọn nípá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà parí kò mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ebi ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1989, àpótí ìjọba gbẹ, àwọn báńkì ìjọba dojú dé, àwọn òṣìṣẹ́ lo oṣù púpọ̀ láìgba owó. Olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún náà, ìjọba tí ó ti ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹ̀yìn Marx láti ọdún 1974 sọ pé òun kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n pe àpérò gbogbogbòò sí Kútọnu ní oṣù Kejì ọdún 1990. Nǹkan bí 500 ènìyàn ni ó jókòó fún ọjọ́ mẹ́wàá, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ti ìjọ Kátólíìkì sì ṣe alága wọn. Ọkàn ọ̀rọ̀ náà rèé: àpérò yìí kò gbà láti jẹ́ olùgbani-nímọ̀ràn lásán. Ó kéde pé ìpinnu tí òun bá ṣe ni àṣẹ. Kérékou ìbá ti tú wọn ká, nítorí àwọn ọmọ ogun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, àwọn ará ìlú dìbò fọwọ́ sí òfin tuntun, tí ó fún ààrẹ ní ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì péré.

Kí ni ó wá ń da ọkàn láàmú nígbà náà? Ní ọdún 1991 yẹn, gbèsè owó oṣù ṣì wà nílẹ̀, Soglo, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, sì mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ bí àpótí náà ti ṣófo tó. Nínú àga 64 tí ó wà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin nígbà náà, ẹgbẹ́ tí ó pọ̀ jù kò ní ju 12 lọ. Kérékou fúnra rẹ̀ ṣì wà ní ìlú nígbà náà, wọ́n sì ti ṣèlérí fún un pé kò sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́. Ó ṣeé ṣe kí owó tí wọ́n san fún àlàáfíà nìyẹn, kí ó má sì wọ́n jù. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn nínú ẹ̀wọ̀n Ségbana rí kò gbọdọ̀ tètè sọ bẹ́ẹ̀. Agẹmọ ni wọ́n máa ń fi ṣe àmì Kérékou. Agẹmọ kì í kánjú, ó sì mọ bí a ti ń pa àwọ̀ dà.

Èyí tí ó burú jù ṣẹlẹ̀ ní àríwá. Ibẹ̀ ni Kérékou ti wá, ibẹ̀ ni ó sì ti kó ọ̀pọ̀ jùlọ ìbò rẹ̀. Gúúsù ni ó gbé Soglo wọlé. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Parakou, àwọn ará gúúsù tí ó ń ṣiṣẹ́ ajé níbẹ̀ sì di ẹni à ń lé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Sábọ́ngàrì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọkùnrin kan dìbò ní ọjọ́ Àìkú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti di àlejò ní ilé tí ìyàwó rẹ̀ ti bímọ sí. Ẹnikẹ́ni kò rí ìbò rẹ̀, nítorí ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ni. Ahọ́n rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi dá a lẹ́jọ́.

Ní Nàìjíríà, wọn kò tilẹ̀ fi ìyẹn mọ. Nígbà ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ti ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 1990, ẹ̀yìn àwòrán olùdíje ni olùdìbò tò sí, ní gbangba, lójú onílé, lójú ọ̀gá ibi iṣẹ́, lójú ẹni tí ó fún un ní ìsọ̀ lọ́jà. Wọ́n ní kí màgòmágó má baà sí ni. Màgòmágó kò dára, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé Kánò tàbí Kàdúná, tí ó dúró sí ìlà tí onílé rẹ̀ kò sí, ti kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí yóò wá a wá lọ́jọ́ ìjà. Púpọ̀ nínú wọn kò jáde rárá. Ìbò tí wọn kò dì yẹn kò sí nínú iye tí wọ́n kà.

Ní ọdún 1991, ìbò gómìnà ni ó kàn, àwọn ológun sì ti fi ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1992 ṣe ọjọ́ tí wọn yóò gbé ìjọba sílẹ̀. Àwọn olùdíje ẹgbẹ́ SDP àti ti NRC ń bọ̀ wá sí àdúgbò nígbà náà pẹ̀lú ìlù àti fìlà. Kí olùdìbò kankan tó ṣèlérí ìbò fún wọn, ó yẹ nígbà náà kí ó bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n fara mọ́ ìlà gbangba yẹn, tàbí wọn yóò bá Àjọ Elétò Ìdìbò sọ ọ́ kí ó dá ìbò ìkọ̀kọ̀ padà, kí ó sì dúró níbẹ̀ títí wọn yóò fi dáhùn.