Ọmọ Inú Àpò

Lóṣù yìí, ẹ jẹ́ kí á kọ́gbọ́n lára ẹranko kan tí kò sí nínú igbó tiwa. Kangarú ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Ọsirélíà ni ibùgbé rẹ̀. Koríko ni oúnjẹ rẹ̀. Bí oòrùn bá mú, abẹ́ ìbòòji ni yóò wà. Ìrọ̀lẹ́ àti òru ni ó ń jẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ni ó fi ń fò, kì í rìn bí ewúrẹ́. Kangarú pupa lè fò tó mítà 8 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n bí ó ti ń tọ́mọ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Oyún kangarú pupa kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 33 lọ. Ọmọ tí ó bí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ. Kò nírun, ojú rẹ̀ kò sì tí ì là. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò rá gun ikùn ìyá rẹ̀ títí yóò fi wọ inú àpò tí ó wà níbẹ̀, tí yóò sì gbá orí ọmú mú. Nínú ooru yìí ni yóò ti dàgbà. Ó tó nǹkan bí oṣù 6 kí ó tó yọjú síta, àti bí oṣù 8 kí ó tó fi àpò sílẹ̀ pátápátá.

Kí ni ó kàn wá níbẹ̀? Ní 1978, ní ìlú Bogotá ní Kòlómbìà, ẹ̀rọ tí ń mú ara ọmọ gbóná kò tó fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé. Dókítà Edgar Rey ní kí àwọn ìyá so ọmọ mọ́ àyà, kí ara kan ara, bí ti kangarú. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2021, tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè 5, tí Ilé-Ifẹ̀ wa sì wà lára ibi tí a ti ṣe é, fi hàn pé bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìdúró kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀, ikú àwọn ọmọ tí kò tó kílò 2 a máa dín kù, láti bí 16 sí 12 nínú 100.

Mo ro ti àwọn ìyá etí omi nílẹ̀ Ìlàjẹ, bí àwọn ti Oríòkè-Ìwàmímọ́, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti jẹ́ ẹsẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Atẹ́gùn omi tutù, ọmọ kékeré kò sì lọ́ràá lára. Bí ọmọ bá dé ṣáájú oṣù rẹ̀, ẹ má kánjú wẹ̀ ẹ́. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ wọ̀ ọ́ ní fìlà àti ìtẹ́dìí nìkan, ẹ gbé e lóòró sí àárín ọmú, kí ẹ yí orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó lè mí dáadáa. Ẹ fi ọ̀já gbà á mọ́ra, ẹ da aṣọ bò ó, ẹ máa fún un lọ́mú, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ kíákíá. Bí ó bá rẹ ìyá, kí bàbá gbà á sáyà.

Ọ̀já kan náà tí a fi ń pọnmọ sẹ́yìn ni. Iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ dè é sí. Ó dìgbà.