Owó Ìtúlẹ̀ Ni Kí Ìjọba Bá Àgbẹ̀ San

Àgbẹ̀ tó fẹ́ gbin iṣu sí hẹ́kítà ilẹ̀ kan, tó sì fi mítà kan sáàárín ebè kan sí èkejì, 10,000 ebè ni yóò kọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè kọ igba ebè lójúmọ́. Bí kò bá ṣàìsàn, bí ilẹ̀ kò bá le jù, bí kò sì sí òkú tàbí ìgbéyàwó tó pè é kúrò lóko, àádọ́ta ọjọ́ gbáko ni yóò fi tẹ̀ mọ́ ọkọ́ kí ebè hẹ́kítà yẹn tó pé. Katakata yóò tú hẹ́kítà kan náà láàárín wákàtí díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Kíṣí tàbí Ìgbòho. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ìbá gbé ọkọ́ ti wà lórí ọ̀kadà nígboro. Àwọn Àgàtú, àwọn Ìgẹ̀dẹ̀ àti àwọn tó ń ti Benin àti Togo wá ló ń bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá ro oko wọn, owó wọn sì ń ga sí i lọ́dọọdún. Nítorí náà, ilẹ̀ ń bẹ, ìmọ̀ ń bẹ, ṣùgbọ́n éékà tí àgbẹ̀ lè dá kò ju ibi tí ọwọ́ rẹ̀ àti àpò rẹ̀ mọ lọ.

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin, etí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ gbọ́ “owó ìrànwọ́” mọ́. Ìbínú wọn tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ńlá tó kúrò lórí ọkọ́ ni ìjọba wọn fi owó ti àgbẹ̀ lẹ́yìn. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni ọwọ́ ta ni owó náà yóò bọ́ sí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ ṣí ètò ìlò ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ pẹ̀lú 2,000 katakata tí wọ́n kó wá láti Belarus. Ṣáájú ìyẹn ni wọ́n ti bá ilẹ̀ Bràsíl ṣe àdéhùn ètò kan tí wọ́n ní yóò kó ọ̀pọ̀ katakata wọlé. Ó dára, ó sì yẹ kí inú ẹni dùn sí i. Àmọ́ bí ìjọba bá gé owó katakata sí méjì tó sì san ìdajì, ìdajì tó kù kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ní éékà mẹ́ta. Ẹni tí yóò lè san án ni oníṣòwò ńlá, olóṣèlú, tàbí òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì tó ti ra ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Owó ìrànwọ́ tí a bá gbé lé orí rírà katakata, ẹni tó ti lówó tẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Olóko kékeré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ gba owó náà yóò sì tún gbé ọkọ́ rẹ̀.

A ti gba ọ̀nà mìíràn rí. Nígbà tí ètò Operation Feed the Nation bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976, àti nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí gbé Green Revolution dé lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ní katakata tiwọn tí wọ́n ń yá àgbẹ̀. Owó tí wọ́n ń gbà kéré débi pé kò tó tún ẹ̀rọ ṣe. Awakọ̀ ń gba owó oṣù yálà ó túlẹ̀ tàbí kò túlẹ̀. Àgbẹ̀ ń kọ orúkọ sílẹ̀ ní oṣù Kejì, òjò àkọ́rọ̀ ń rọ̀, ẹni tó mọ ọ̀gá ní iléeṣẹ́ ìjọba sì ń kọjá síwájú rẹ̀. Kùkùté igi kan tó bá fọ́ irin ìtúlẹ̀ ti tó láti dá ẹ̀rọ dúró títí ọdún yóò fi yí. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn ọgbà ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn yóò rí àwọn katakata tó ti dípẹtà, tí koríko ti hù gba àárín wọn kọjá. Owó ará ìlú ni koríko hù lé lórí yẹn.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ ata. Ta ló ra ẹ̀rọ ìlọta ńlá sílé nítorí ọbẹ̀ tirẹ̀ nìkan? Ẹnì kan ní àdúgbò ló rà á, gbogbo ìyá tó kù ń gbé ata wá, wọ́n ń sanwó, wọ́n ń lọ. Bákan náà ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ṣe wọ àwọn abúlé tí wọ́n ti ń yan gààrì. Ẹni tó ni ẹ̀rọ ń rí sí i pé kò bàjẹ́, nítorí ọjọ́ tó bá bàjẹ́ ni owó dúró. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá ṣe ni à ń sanwó fún, ohun tí ìwé yìí sì ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìjọba fi ojú kan náà wo katakata.

Bangladesh ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe níbi tí oko ti kéré ju tiwa lọ. Lọ́dún 1988, ẹ̀kún omi àti ìjì kọlu orílẹ̀-èdè náà, ọ̀pọ̀ màlúù tí àwọn àgbẹ̀ fi ń túlẹ̀ sì kú. Ìjọba mú ìdènà kúrò lórí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ kékeré tó ń ti Ṣáínà bọ̀, irú èyí tó ní táyà méjì, tí àgbẹ̀ ń rìn tẹ̀lé lẹ́yìn. Àwọn tó rà á kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Ará abúlé ni wọ́n, wọ́n ń tú ilẹ̀ tiwọn tán, wọ́n sì ń lọ bá aládùúgbò tú tirẹ̀ gba owó. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ oko wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ kò ní katakata kankan. Nígbà tí ìjọba wọn wá gbé owó ìrànwọ́ ńlá kalẹ̀ fún ẹ̀rọ ìkórè lọ́dún 2020, ìdajì ni ó bá àwọn tó kù san, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó san ní àwọn àgbègbè àbàtà àti etí òkun, níbi tí ìyà ti pọ̀ jù. Íńdíà náà, nínú ètò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, fi ìrànwọ́ tó ju ti ẹlòmíràn lọ fún obìnrin àti olóko kékeré, ó sì ń ran àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti dá ibi ìyáni-lẹ́rọ sílẹ̀.

Àwa náà ti ní ẹ̀kọ́ tiwa. Nígbà tí Akínwùmí Adéṣínà jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ó sọ pé ìdá 11 péré nínú ọgọ́rùn-ún ajílẹ̀ tí ìjọba ń fi owó ìrànwọ́ rà ló ń dé ọwọ́ àgbẹ̀. Láti ọdún 2012, iléeṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí fóònù àgbẹ̀ ní tààrà, àgbẹ̀ sì ń mú un lọ bá olùtajà, ó ń san ìdajì owó àpò ajílẹ̀ méjì. Ètò náà ní àbùkù tirẹ̀: fóònù kì í fi gbogbo ìgbà ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orúkọ kan sì ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀ ó gbé ìrànwọ́ náà lé àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́wọ́.

Ètò ìtúlẹ̀ lè gba ọ̀nà yẹn. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ kò ju éékà márùn-ún lọ yóò forúkọ sílẹ̀ nípasẹ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà kan yóò wọ fóònù rẹ̀. Yóò san ìdajì owó ìtúlẹ̀ fún ẹni tó ni katakata. Bí iṣẹ́ bá parí, tó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò fún awakọ̀ ní nọ́ńbà náà, ìjọba yóò sì san ìdajì kejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Katakata tí kò bá dé oko kò ní rí kọ́bọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí ìjọba ran òun lọ́wọ́ láti ra katakata gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pé òun yóò tú iye éékà kan fún àwọn olóko kékeré lọ́dọọdún.

Àwọn kan yóò ní katakata kò lè tìtorí éékà méjì rin ìrìn máìlì mẹ́wàá. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí àáró fi wúlò. Bí àwọn bàbá wa ṣe ń kó ara wọn jọ láti oko ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ogún àgbẹ̀ tí oko wọn fẹ̀gbẹ́ kan ara lè pe katakata lọ́jọ́ kan náà. Ilé-iṣẹ́ Hello Tractor, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2014, ti ń kó àgbẹ̀ jọ bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ katakata sì ń sọ ibi tó wà àti iṣẹ́ tó ṣe. Irú àkọsílẹ̀ yẹn kò ní jẹ́ kó rọrùn fún oníjìbìtì láti gba owó oko tí kò sí.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù fún ilẹ̀, ẹ̀rù wọn kò sì ṣe é fojú fò. Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, lọ́dún 1970, tó sì gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn níbí pé bí a bá fi ẹ̀rọ ńlá hó igbó, tí a sì ń tú ilẹ̀ léraléra, òjò yóò gbá ẹ̀tù ojú ilẹ̀ lọ. Nítorí náà, kí owó ìrànwọ́ san fún yíyọ kùkùté láìhó ilẹ̀, kí ó sì bo àwọn ẹ̀rọ kékeré mọ́ra. NCAM, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìdòfìàn, nítòsí Ìlọrin, wà fún yíyẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wò. Kí wọ́n fún un lówó, kí wọ́n sì bi í léèrè kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ nílẹ̀ òkèèrè.

Ní ti owó, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìlérí ní Maputo lọ́dún 2003 pé ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná ni wọn yóò máa yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ọ̀gbìn, wọ́n sì tún ìlérí náà ṣe ní Malabo lọ́dún 2014. Ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kò tíì dé ibẹ̀.

Ọdọọdún ni ìjọba ń ṣe ìṣúná, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Ẹ tọ aṣojú yín ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ kí wọ́n tó bu ọwọ́ lù ú. Ẹ bi í léèrè iye katakata tó wọ ìpínlẹ̀ yín, orúkọ àwọn tó gbà á, àti iye éékà tí wọ́n bá olóko kékeré tú. Ẹ ní kí wọ́n lẹ orúkọ náà mọ́ ara ògiri ilé ìjọba ìbílẹ̀, níbi tí gbogbo ìlú yóò ti rí i. Kí ẹ sì sọ fún un pé owó ìtúlẹ̀ éékà márùn-ún gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí nọ́ńbà sì ti wà lórí fóònù àgbẹ̀ kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀.